Èmi ni Pírínsípà, Èmi ni Tíṣà, Wọn Ò Sáà Gbà Pé Èmi ni Bàbá

Iṣẹ́ tó wà lọ́rùn mi báyìí ju ọjọ́ tó wà nínú ọ̀sẹ̀ lọ, ọ̀kan ṣoṣo ló sì ń mówó wọlé nínú wọn. Lóru, mo ń to ẹrù nílé ìkẹ́rùsí kan ní Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas. Ìyẹn ló ń sanwó. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, mo di pírínsípà iléèwé girama. Èmi náà ni akọ̀wé iléèwé ọ̀hún, èmi ni tíṣà Físíìsì, èmi ni olùgbaninímọ̀ràn, èmi ni dírẹ́bà, èmi náà ni mo sì ń tún ilé ìgbọ̀nsẹ̀ iléèwé ṣe bó bá dí. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣoṣo ló ń jáde níbẹ̀ lọ́dún yìí. Ọmọ mi ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ di gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn mú, torí òun gan-an ni àwọn yunifásítì kò fẹ́ kí n fẹnu kàn.

Ẹ má rò pé ńṣe la jí láàárọ̀ ọjọ́ kan tí a ní a fẹ́ yàtọ̀ sí aráyé. Àrùn Kòrónà ló kó ọmọ náà, Tọ́pẹ́, wálé ní 2020. Àwa nìkan sì kọ́. Iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ka èèyàn ní Amẹ́ríkà wádìí ọ̀rọ̀ náà lọ́dún yẹn. Nígbà tí àrùn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, nínú àwọn ìdílé tó ní ọmọ iléèwé, 5.4% ló ń kọ́ ọmọ wọn fúnra wọn nílé. Kó tó di ìparí oṣù kẹwàá, ó ti di 11.1%. Láàárín àwa aláwọ̀ dúdú, ńṣe ló fò láti 3.3% dé 16.1%. Nígbà tí àwọn iléèwé padà ṣílẹ̀kùn, ọ̀pọ̀ òbí sáré dá ọmọ padà, wọ́n sì ṣọpẹ́. Ìyàwó mi ò sáré. Nọ́ọ̀sì ni, kì í sáré síbi tí nǹkan ò bá ti jóná. Ó wo bí ọmọ ṣe ń kàwé, ó ní, "Bàbá Tọ́pẹ́, ọmọ yìí ti ń béèrè ìbéèrè báyìí. Tẹ́lẹ̀, ìdáhùn nìkan ló ń kó wálé. Ẹ jẹ́ ká máa bá a lọ." Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Mo gbà.

Texas kì í dí irú wa lọ́wọ́. Ní 1994, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní ìpínlẹ̀ náà parí ẹjọ́ kan tí wọ́n ń pè ní ẹjọ́ Leeper, wọ́n ní ilé tí òbí ti ń kọ́ ọmọ rẹ̀ kò yàtọ̀ sí iléèwé aládàáni. Ìwé kíkà, sípẹ́lì, gírámà, ìṣirò, àti bí a ṣe ń jẹ́ ọmọ ìlú rere: bí òbí bá ti ń kọ́ ọmọ ní márùn-ún yìí tọkàntọkàn, ó parí. Kò sí ìforúkọsílẹ̀. Kò sí ìdánwò ìjọba. Kò sí ìsípẹ́kítọ̀ tí yóò kanlẹ̀kùn. Láti 2020 títí a fi bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ yunifásítì, kò sẹ́ni tó bi mí léèrè ohunkóhun nípa iléèwé yìí, àfi ìyá mi.

Ìyá mi wà ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ó wà lára àwọn ọmọ tó kọ́kọ́ wọ iléèwé ọ̀fẹ́ tí ìjọba Awólọ́wọ̀ dá sílẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1955. Ọjọ́ tó gbọ́ pé ilé ni Tọ́pẹ́ ti ń kàwé, ó pè mí.

"Ṣé wọ́n lé ọmọ náà níléèwé ni?"

"Wọn ò lé e, mà."

"Àbí owó iléèwé ló ga jù? Mo ṣì ní nǹkan tí mo lè tà."

"Ọ̀fẹ́ ni iléèwé ìjọba níbí, Mọ́mì."

Ó dákẹ́. Mo mọ irú ìdákẹ́ yẹn láti kékeré. Ẹgba ló máa ń tẹ̀ lé e nígbà náà.

"Ọ̀fẹ́," ló wí. "Ní 1955, bàbá mi ní ọmọbìnrin kò gbọdọ̀ kúrò nídìí ọjà. Awólọ́wọ̀ ló bá wa fa ẹsẹ̀ yọ nílé. Ọmọ tèmi wá dé Amẹ́ríkà, ó bá iléèwé lọ́fẹ̀ẹ́, ó dá ọmọ padà sílé. Bàbá Tọ́pẹ́, ta ló ṣe ọ́?"

Mo ṣàlàyé títí ẹnu fi gbẹ. Kò gbà, ṣùgbọ́n ó ní kí n gbé fóònù fún ọmọ kó ka A, B, D fún òun. Síbẹ̀, ìbéèrè ìyá mi ṣì dùn ju ti àwọn yunifásítì lọ. Ìyá mi gbà pé èmi ni bàbá ọmọ náà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é fún yín. Ọmọ tó bá lọ síléèwé bíi ti gbogbo èèyàn, iléèwé rẹ̀ ló ń fi ìwé ránṣẹ́ sí yunifásítì nípa rẹ̀: transcript tó kó gbogbo máàkì rẹ̀ jọ, ìwé tó ń sọ irú iléèwé tí wọ́n jẹ́, àti lẹ́tà olùgbaninímọ̀ràn. Bó bá jẹ́ ilé lọmọ ti kàwé, òbí ni yóò ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kò gbọdọ̀ ṣe é bí òbí ṣá o. Kọ̀ǹpútà ní kí n lọ ṣí àkáǹtì tuntun, pẹ̀lú íméèlì tó yàtọ̀, kí n wá mú oyè mi nínú àwọn tó tò sílẹ̀. Mo wá "bàbá" lókè, mo wá a nísàlẹ̀, kò sí níbẹ̀. Mo mú pírínsípà. Lójú ẹsẹ̀, kọ̀ǹpútà kí mi káàbọ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Kò pẹ́ tí íméèlì fi wọlé fún Tọ́pẹ́ ní yàrá kejì pé olùgbaninímọ̀ràn rẹ̀ ti gbà láti ràn án lọ́wọ́. Ọmọ náà yọjú láti ẹnu ọ̀nà, ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Dádì, ẹ ṣeun, sà."

Ìwé tó ń sọ irú iléèwé tí a jẹ́ ló kàn. Orúkọ iléèwé? Ìyàwó mi mú orúkọ ìdílé wa, ó fi Academy sí ìdí rẹ̀, ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Àdírẹ́sì? Ibi tí à ń sùn. Iye akẹ́kọ̀ọ́? Méjì, torí Dámọ́lá àbúrò rẹ̀ náà wà níbẹ̀. Iye tó ń jáde? Ẹnì kan. Nínú ọgọ́rùn-ún akẹ́kọ̀ọ́ tó ń jáde níléèwé yín, mélòó ló ń wọ yunifásítì? Ẹ gbọ́, báwo lẹ ṣe fẹ́ kí n dáhùn ìyẹn? Bí wọ́n bá gba Tọ́pẹ́, ọgọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ni, a ti ta gbogbo iléèwé olówó tó wà ní Houston yọ. Bí wọn ò bá gbà á, òdo ni, kí wọ́n yáa wá ti ilé mi pa. Àwọn tó sì ń bi mí ní ìbéèrè náà gan-an ni èsì rẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn.

Ipò wo ló wà ní kíláàsì? Ipò kìíní ni. Òun náà ló gbẹ̀yìn, ṣùgbọ́n wọn ò béèrè ìyẹn. Texas ní òfin kan láti 1997: ọmọ tí ipò rẹ̀ bá bọ́ sínú ìdá mẹ́wàá tó mókè jù nínú ọgọ́rùn-ún ní kíláàsì rẹ̀, àwọn yunifásítì ìjọba ìpínlẹ̀ náà gbọ́dọ̀ gbà á wọlé láìjanpata. Nígbà tí mo kà á, mo mú bírò, mo jókòó ti ìṣirò. Ìdá mẹ́wàá Tọ́pẹ́ kò ju orí àti ọrùn lọ. Orí á wọlé láìsí wàhálà, ìyókù ara á lọ kọ fọ́ọ̀mù. Yunifásítì Texas ti ìlú Austin tiẹ̀ ti dín tirẹ̀ kù sí ìdá márùn-ún fún àwọn tó ń wọlé ní 2026. A jẹ́ pé àgbọ̀n ọmọ náà máa dúró síta.

Òfin míì ló wá bá wa yanjú ẹ̀. Yunifásítì ìjọba tó bá ń wo ipò gbọ́dọ̀ wo máàkì tí ọmọ tó kàwé nílé gbà nínú SAT tàbí ACT, ìdánwò àtiwọ yunifásítì, wọ́n á wo ipò tí àwọn ọmọ míì tí máàkì wọn bára mu wà níléèwé tiwọn, wọ́n á wá fún un ní ipò tó ṣe déédéé tiwọn. Ó dáa, ó bófin mu, mi ò jiyàn. Ẹ ṣáà bá mi wo ọmọ tó ti ń gba ipò kìíní láti 2020, tí wọ́n wá lọ ń yá ipò fún lọ́wọ́ àwọn tí kò bá jókòó rí.

Lẹ́tà olùgbaninímọ̀ràn ló dùn mí wọra jù. Ìbéèrè àkọ́kọ́: láti ìgbà wo lẹ ti mọ akẹ́kọ̀ọ́ yìí, báwo lẹ sì ṣe mọ̀ ọ́n? Mo kọ ọ́ pé mo ti mọ̀ ọ́n kó tó hu eyín, pé èmi ni mo wa ìyá rẹ̀ lọ sọ́sibítù nínú òjò lóru ọjọ́ tí a bí i. Ìyàwó mi pa á rẹ́. Ó ní pírínsípà kì í sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè kejì: ọ̀rọ̀ wo ló kọ́kọ́ sọ sí yín lọ́kàn bí ẹ bá rántí akẹ́kọ̀ọ́ yìí? Mo kọ "abọ́". Òtítọ́ ni mo kọ. Abọ́ àná ṣì wà nínú síǹkì, mo sì ń wò ó láti orí àga. Ìyàwó mi tún pa á rẹ́, ó kọ "onítara" sí i, ó wá lọ pe onítara kó wá fọ abọ́.

Ìbéèrè kẹta ló fẹ́ da ilé rú. Wọ́n ní kí n fi àmì sí ibi tí ọmọ yìí wà láàárín gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tí mo ti bá pàdé láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí. Ibi tó ga jù níbẹ̀ ni pé ó wà lára àwọn díẹ̀ tó dára jù lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ méjì péré ni mo ti bá pàdé láyé mi. Mo gbé ọwọ́ sókè láti fi àmì síbẹ̀, mo gbọ́ ohùn Dámọ́lá lẹ́yìn àga mi: "Dádì, àwa tó kù ńkọ́?"

Àwọn àgbà ti kìlọ̀ pé a kì í yin ọmọdé lójú ara rẹ̀, ìfàsẹ́yìn ló ń mú bọ̀. Ohun tí ìyá mi fi tọ́ mi dàgbà nìyẹn. Ọjọ́ tí mo ṣe ipò kejì nínú ọmọ ogójì, ó bi mí pé ṣé orí méjì lẹni tó ṣe ipò kìíní ní. Irú èmi yìí ni wọ́n wá ní kí n fi odindi ojú ìwé yin ọmọ mi, kí n sì ṣe é láìtijú. Mo làágùn. Mo kọ ọ́, mo pa á rẹ́, mo tún un kọ. Mo kọ pé ó gbọ́n, pé ó ní ìfaradà, pé ó fúnra rẹ̀ wá ìwé ìṣirò tó ju ti kíláàsì rẹ̀ lọ, ó sì kà á tán. Gbogbo rẹ̀ ló jẹ́ òótọ́. Nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́, ìdáhùn tí yunifásítì kan fún wa ni pé, níwọ̀n bí olùgbaninímọ̀ràn ti bá akẹ́kọ̀ọ́ tan, àwọn á fẹ́ lẹ́tà lọ́wọ́ ẹni tí kò bá a tan.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ibí gan-an ni ẹ̀dùn ọkàn mi wà. A wá ẹni tí kò bá a tan. A rí ọ̀kan, olùkọ́ kan ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò wa, níbi tí Tọ́pẹ́ ti lọ gba kíláàsì ìwé kíkọ, torí wọ́n ń gba ọmọ girama láyè láti kọ́kọ́ tọ́ ẹ̀kọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì wò. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni kíláàsì náà. Àwọn ọmọ kì í tan kámẹ́rà. Obìnrin náà kò rí ojú Tọ́pẹ́ rí. Ohùn rẹ̀ ló mọ̀, ìyẹn náà lọ́jọ́ tí íntánẹ́ẹ̀tì bá wù ú. Ó kọ ààbọ̀ ojú ìwé pé ọmọ náà ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ lásìkò, ó sì ń ṣe dáadáa. Inú yunifásítì dùn. Ọlọ́run yóò san án fún obìnrin náà, mi ò bínú sí i. Àmọ́ ẹ wo bí ayé ṣe rí: èmi tí mo jókòó tì í lóru títí ó fi mọ bí wọ́n ṣe ń yanjú ìṣirò, ẹ̀rí mi kò dúró. Ẹni tí yóò kọjá lára rẹ̀ ní títì láìdá a mọ̀, tirẹ̀ ló jẹ́ ẹ̀rí.

Transcript náà ní tirẹ̀. Máàkì wo ni kí n fún ọmọ mi ní Máàtì? Bí mo bá fún un ní A, wọ́n á ní bàbá rẹ̀ ló fún un. Bí mo bá fún un ní B, wọ́n á ní bàbá rẹ̀ pàápàá ò rí A fún un. Ìyàwó mi yanjú ẹ̀ ní ti ọ̀nà nọ́ọ̀sì: ó ṣírò iṣẹ́ àṣetiléwá, ìdánwò àti ìwé ìwádìí, ó kó wọn jọ, ó ní ohun tí ọmọ bá gbà ló gbà. Wọ́n tún ní kíréèdì kan jẹ́ nǹkan bí 120 wákàtí nídìí ẹ̀kọ́ kan. Níléèwé gidi, wákàtí tí tíṣà fi ń pariwo pé kí wọ́n dákẹ́ wà lára ẹ̀. Nílé tiwa, ìyá wọn kò ka wákàtí ariwo.

Ti èdè ló wá di ìjà. Àwọn yunifásítì fẹ́ kí ọmọ ti kọ́ èdè mìíràn yàtọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, ó kéré tán fún ọdún méjì. A kọ Yorùbá síbẹ̀. Kí a má baà ní ojúsàájú, mo ní kí ìyá mi ṣe ìdánwò ẹnu fún un lórí fóònù. Tọ́pẹ́ ka ìtàn, ó pa àlọ́, ó sọ ìtumọ̀ òwe. Mo rò ó sí A. Ìyá mi ní kí n kọ C. Ó ní ọmọ náà mọ ìwé, ṣùgbọ́n bí òun ṣe wà lórí ìjókòó, "ẹ káàárọ̀" nìkan ló kí òun, kò mọ̀ pé wọ́n ń kí èèyàn kú ìjókòó. A dúnàádúrà títí a fi dé B. Òun ni máàkì tó kéré jù lórí transcript ọmọ mi, yàtọ̀ sí ti kọ́lẹ́ẹ̀jì, òun sì ni máàkì kan ṣoṣo tí ẹni tí kì í gbé inú ilé wa fún un.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n béèrè nípa lábù. Sáyẹ́ǹsì tó bá ní lábù ni wọ́n ń fẹ́. A ní lábù. Ẹ̀gbẹ́ gáàsì ìdáná ló wà. Níbẹ̀ ni Tọ́pẹ́ ti rẹ àgbàdo fún ògì, tó ń wọn bí omi rẹ̀ ṣe ń kan sí i lójoojúmọ́, tó sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí bakitéríà ṣe ń sọ súgà inú àgbàdo di ásíìdì. Níbẹ̀ náà ló ti ṣe irú, torí bakitéríà ló ń sọ hóró igbá di irú, àwọn onímọ̀ sì ti kọ ìwé rẹpẹtẹ lórí ẹ̀. Ìṣòro tó wà nínú ìwádìí yẹn kò ju òórùn lọ. Aládùúgbò wa kan, ọmọlúàbí èèyàn, wá kanlẹ̀kùn láti béèrè bóyá nǹkan kan kú sábẹ́ ilé wa. A kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé tó ń ṣàlàyé ẹ̀kọ́, àfi ti aládùúgbò.

Yunifásítì kan ní ká gbé transcript náà lọ sọ́dọ̀ nótárì kó fi òǹtẹ̀ lù ú. Mo lọ. Nótárì kò wo máàkì Kẹ́mísírì, kò wo ti Máàtì. Ìwé àṣẹ ìwakọ̀ mi ló wò, ó wo ojú mi, ó ní òótọ́ ni, èmi ni mo fọwọ́ sí i. Ó lu òǹtẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ọmọ mi ti mọ Kẹ́mísírì lójú òfin.

Ọ̀rọ̀ ìdánwò ńkọ́? Iléèwé kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ń kọ bó bá fẹ́ ṣe SAT. Àwọn ọmọ tó ń kàwé nílé ní nọ́ńbà kan ṣoṣo tí gbogbo wọn ń lò, 970000. Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ pé iléèwé kan wà tí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kún ilẹ̀ Amẹ́ríkà láti òkun dé òkun, tí pírínsípà rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù kan, mo wà lára wọn. Àwọn ìdánwò AP ti oṣù karùn-ún, tó ń dán ọmọ girama wò lórí ẹ̀kọ́ tó tó ti yunifásítì, ló ni wá lára jù, torí inú iléèwé ni wọ́n ti ń ṣe é, àfi kí o bẹ iléèwé kan kó jẹ́ kí ọmọ rẹ wá jókòó. Mo pe iléèwé kan.

"Iléèwé wo ni ọmọ náà ti ń bọ̀?" ni akọ̀wé wọn bi mí.

"Ilé ni."

"Ilé wo, sà?"

"Ilé mi."

"Mo fẹ́ bá pírínsípà iléèwé náà sọ̀rọ̀."

"Òun lẹ ń bá sọ̀rọ̀."

"Ó dáa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí òbí ọmọ náà pè wá."

Mo dúró díẹ̀, mo tún un pè. Obìnrin kan náà ló gbé e. Ó ní kò sáyè mọ́.

Ní ìgbà Kòrónà, ọ̀pọ̀ yunifásítì kéde pé SAT kì í ṣe dandan mọ́, ẹni tó bá wù kó fi ránṣẹ́. Mo wo ìsàlẹ̀ ìkéde náà, níbi tí lẹ́tà ti kéré. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn gba ọmọ tó kàwé nílé níyànjú gidigidi láti fi tirẹ̀ ránṣẹ́. Gbogbo ayé ni kò pọn dandan fún, àfi ọmọ mi.

Bí mo bá ti ráhùn báyìí, ẹnìkan á sọ ìtàn àwọn Colfax fún mi. Òótọ́ ni ìtàn náà. Ìdílé yìí kọ́ ọmọ wọn lórí òkè ní California, níbi tí wọ́n ti ń sin ewúrẹ́. Ní 1983, Harvard gba Grant, àkọ́bí wọn. Àwọn kan nínú àwọn àbúrò rẹ̀ náà tẹ̀ lé e. Grant di dókítà, ó sì bá ìjọba Obama ṣe olórí ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àrùn AIDS. Mo kí wọn kú oríire. Ẹ̀kọ́ tí àwọn èèyàn fà yọ níbẹ̀ ni pé kí ọmọ tó kàwé nílé ní ohun àrà kan tí yunifásítì yóò fi rántí ẹ̀. Níbo ni kí n ti rí ewúrẹ́? Ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa kì í gbà kí koríko iwájú ilé ga ju bó ṣe yẹ lọ, ká tó wá sọ ti ẹran tí yóò jẹ ẹ́. Ẹ sì jẹ́ kí n sọ ọ́ síta: èmi náà da ewúrẹ́ ìyá mi ní Ìjẹ̀bú-Òde ní kékeré, àràárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́. Kò sí yunifásítì kankan tó kọ̀wé wá mi kàn.

Ìbéèrè tí kò jẹ́ kí n jẹun lóde àríyá ni èyí: ǹjẹ́ ọmọ yín ń bá ẹgbẹ́ ṣe? Àwọn aláwọ̀ funfun ń bi mí, àwọn èèyàn wa náà ń bi mí, ìrẹsì wà lẹ́nu wọn. Ọmọ Yorùbá ni, ní Houston! Sátidé yìí, ìkómọ. Sátidé tó ń bọ̀, ọjọ́ ìbí àádọ́ta ọdún. Èyí tó tẹ̀ lé e, ìpàdé ọmọ ìlú ìyá rẹ̀. Ọjọ́ Ìsinmi, ṣọ́ọ̀ṣì láti àárọ̀ títí ebi fi pa pásítọ̀ pàápàá. Tọ́pẹ́ ti kúnlẹ̀ kí àǹtí tó pọ̀ débi pé orúkún rẹ̀ dá wọn mọ̀ yàtọ̀ síra. Bí ohun kan bá wà tí ọmọ náà kò ní, ibi tó lè dá jókòó sí ni. Fọ́ọ̀mù kò sì ní àyè tí mo lè kọ ìyẹn sí.

Ìròyìn ayọ̀ ni pé wọ́n gbà á. Kì í ṣe gbogbo wọn, ṣùgbọ́n èyí tó wù ú jù gbà á. Ìyá mi gbàdúrà lórí fóònù títí káàdì fi tán, ó wá béèrè bóyá iléèwé gidi ni èyí. Ìyàwó mi ti ń wo aṣọ ẹbí fún ayẹyẹ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde. Ó fẹ́ kí n sọ̀rọ̀ gẹ́gẹ́ bíi pírínsípà, kí n tún dìde gẹ́gẹ́ bí alága àwọn òbí, kí n fi dúpẹ́ lọ́wọ́ pírínsípà.

Ṣùgbọ́n àwọn yunifásítì kò tíì jọ̀wọ́ mi. Wọ́n ní kí transcript ìkẹyìn wá tààrà láti ọwọ́ iléèwé, nínú àpò ìwé tí wọ́n lẹ̀ pa, kò sì gbọdọ̀ gba ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tàbí òbí rẹ̀ kọjá. Mo kà á, mo tún un kà. Èmi ni iléèwé. Èmi ni òbí. Báwo ni yóò ṣe kúrò lọ́wọ́ mi láìgba ọwọ́ mi kọjá? Ìyàwó mi ní kí n fún òun. Mo ní òbí ni òun náà. Dámọ́lá ló bá wa lẹ̀ ẹ́ pa, ó sì gbé e lọ sílé ìfìwéránṣẹ́, lẹ́yìn tí a fi í jẹ igbákejì akọ̀wé.

Ní gbogbo àsìkò yìí, ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà tí wọ́n ti mọ̀ mí bíi bàbá, ọ̀nà owó. Nígbà tí a ń kọ fọ́ọ̀mù FAFSA láti fi béèrè ìrànwọ́ ìjọba, kò sẹ́ni tó ní kí n mú ẹni tí kò bá Tọ́pẹ́ tan wá jẹ́rìí. Bàbá ni wọ́n pè mí láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n ní kí n fọwọ́ sí i kí iye tó ń wọlé fún mi lè wá bá wọn tààrà láti ọ́fíìsì owó orí. Nígbà tó sì di àná, lẹ́tà wọlé láti yunifásítì tó gbà á, èyí tí kò fi gbogbo ọdún pè mí ní nǹkan kan bí kò ṣe pírínsípà. "Òbí wa ọ̀wọ́n," ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Owó àkọ́kọ́, ọjọ́ tí ó gbọ́dọ̀ wọlé, iye tí wọn yóò fi kún un bó bá pẹ́.

Mo ti dá wọn lóhùn. Mo ní lẹ́tà wọn dé, mo sì dúpẹ́, ṣùgbọ́n mo bá akẹ́kọ̀ọ́ náà tan, ọ̀rọ̀ mi lè máà ṣeé gbára lé. Kí wọ́n jọ̀wọ́ kọ̀wé sí pírínsípà.